Ogun Trafalgar, 1805: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí àwọn ọkọ̀ onígbòkun ṣe ń bá ara wọn jà

Ogun Trafalgar la fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín, nítorí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀: ìwé ojoojúmọ́ inú ọkọ̀, lẹ́tà àwọn ọ̀gágun, àti orúkọ àwọn atukọ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti gbé gbogbo ìṣẹ́gun náà ka orí Nelson, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, nìkan. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti ń ṣe láti ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ló pinnu ibi tí ìjà náà parí sí, àwọn ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí yóò sì fi ìdí rẹ̀ hàn.

Ta ló bá ta jà, níbo, nígbà wo?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1805 ni. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ṣóńṣó ilẹ̀ kan ní gúúsù Sípéènì tó ń jẹ́ Trafalgar, láàárín ìlú Cádiz àti ọ̀nà omi Gibraltar. Ọkọ̀ ogun ńlá 27 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó wá. Horatio Nelson ni ọ̀gágun wọn, Cuthbert Collingwood ni igbákejì rẹ̀. Faransé ní 18, Sípéènì ní 15, àpapọ̀ wọn jẹ́ 33. Pierre de Villeneuve, ọmọ Faransé, ló ń darí gbogbo wọn, Federico Gravina sì ni olórí àwọn ará Sípéènì.

Ìjà gan-an bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí agogo 12 ọ̀sán. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí agogo 5 ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ti tẹ ọkọ̀ 17 lára ti Faransé àti Sípéènì, ọ̀kan sì ti jóná. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan kò bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá.

Ṣé ogun yìí ló gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lọ́wọ́ Napoleon, olú ọba Faransé?

Bí ọ̀pọ̀ ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká to àwọn ọjọ́ náà tẹ̀ léra. Lóòótọ́ ni Napoleon kó ọmọ ogun jọ sí Boulogne, ní etíkun Faransé, tó ń wá bí yóò ṣe fi ọkọ̀ gbé wọn sọdá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ tó rán Villeneuve ni pé kó tan ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Kàríbíà, kó sì sáré padà wá dáàbò bo ìsọdá náà. Villeneuve kúrò ní Toulon, èbúté kan ní gúúsù Faransé, ní òpin oṣù kẹta, ó dé erékùṣù Martinique ní Kàríbíà, Nelson sì ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó ń padà, ọ̀wọ́ ọkọ̀ Robert Calder, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, pàdé rẹ̀ nínú kùrukùru ní ọjọ́ 22 oṣù keje, wọ́n gba ọkọ̀ Sípéènì méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kàkà kó wá kọrí sí àríwá, Cádiz ló lọ forí pamọ́ sí nígbẹ̀yìn, nínú oṣù kẹjọ. Kí oṣù náà tó parí, Napoleon ti dá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kọjú sí Austria. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, tí ogun Trafalgar ku ọ̀la, ọmọ ogun Austria túúbá fún un ní Ulm.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí àgbá dún ní Trafalgar, kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá gba London. Àṣẹ tó wà lọ́wọ́ Villeneuve nígbà náà ni pé kó gba ìhà Naples, ní Ítálì, lọ. Napoleon tún ti rán Rosily, ọ̀gágun Faransé mìíràn, pé kó wá gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Villeneuve gbọ́ pé Rosily ti dé Sípéènì, ó sì kó ọkọ̀ jáde ní ọjọ́ 19 àti 20 kí onítọ̀hún tó dé bá a. Ohun tó ń dúró dè é níta kò ṣàjèjì sí i rárá. Ó ti sọ fún àwọn ọ̀gákọ̀ rẹ̀ ṣáájú pé Nelson kò ní tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, pé yóò wá já gba àárín ìlà tí ọkọ̀ wọn bá tò sí ni.

Èso ogun náà hàn lẹ́yìn rẹ̀: títí Napoleon fi ṣubú, Faransé kò tún kó ọ̀wọ́ ọkọ̀ ńlá jáde láti bá Gẹ̀ẹ́sì du òkun mọ́.

Irú ọkọ̀ wo ló ń wọ inú ìlà ogun?

Iye àgbá ni wọ́n fi ń mọ ipò ọkọ̀. Ipò kìíní ní àgbá 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lórí àjà mẹ́ta, ìyẹn ìpele pákó tí wọ́n tẹ́ sínú ọkọ̀ lórí ara wọn. Ipò kejì ní 90 sí 98. Ipò kẹta ní 64 sí 80, inú rẹ̀ sì ni ọkọ̀ alágbá 74 wà, alájà méjì, òun ló wọ́pọ̀ jù: ó lágbára tó láti dúró nínú ìlà, ó sì yá ju àwọn ńlá lọ. Àwọn ọkọ̀ tó kéré sí ìyẹn kì í wọ ìlà. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa ṣọ́ ọ̀tá, kí wọ́n máa tún àsíá ọ̀gágun gbé sókè fún àwọn tó jìnnà, kí wọ́n sì fa ọkọ̀ tó fara gbọta. Àṣà ni pé ọkọ̀ ńlá kì í yìnbọn lu wọn àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ yìn ín.

Ọkọ̀ Nelson, Victory, ti pé 40 ọdún lórí omi lọ́dún náà. 1765 ni wọ́n tì í bọ́ sómi ní Chatham. Igi tó tó 6,000 ni wọ́n gé láti kàn án, óákù ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Èèyàn 821 ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ ìjà. Santísima Trinidad ti Sípéènì ló tóbi jù nínú gbogbo àwọn tó wá: àjà mẹ́rin, àgbá tó lé ní 130. Títóbi yẹn kò gbè é. Ó wúwo, ó ga, kì í sì í tètè gbọ́ ti ìtọ́kọ̀ bí afẹ́fẹ́ kò bá le.

Kí ló dé tí wọ́n máa ń tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan?

Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì ni àgbá pọ̀ sí. Iwájú ọkọ̀ ní díẹ̀, ìdíkọ̀, ìyẹn ẹ̀yìn ọkọ̀, náà ní díẹ̀. Bí ọkọ̀ ogún bá wá wọ́ pọ̀ bí agbo, èyí tó wà láàárín kò lè yìnbọn láìba ti ẹnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tò tẹ̀lé ara wọn, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ló kọjú sí ọ̀tá, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń dáàbò bo ìdí èyí tó wà níwájú rẹ̀.

Ìdíkọ̀ yẹn ni ká fẹ̀sọ̀ wò. Ẹ̀gbẹ́ Victory nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì nítòsí omi. Ní ìdíkọ̀, fèrèsé onígíláàsì ni, pátákó ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ọta tó bá gba ibẹ̀ wọlé yóò la gbogbo gígùn àjà já, kò sí ohun tí yóò dá a dúró, àgbá àti èèyàn ni yóò máa wó lọ. Ìdí rèé tí gbogbo ọ̀gákọ̀ fi ń wá bí òun yóò ṣe kọjá lẹ́yìn ọ̀tá, tí kò sì fẹ́ kí ọ̀tá kọjá lẹ́yìn òun.

Kí ni afẹ́fẹ́ ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀?

Òun ni ọ̀gá àgbà. Ọkọ̀ tó ń lo ìgbòkun onígun mẹ́rin kò lè kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Èyí tó lè sún mọ́ ọn jù ni nǹkan bí ìwọ̀n 67 lára 360. Nítorí náà, ẹni tó bá wà níhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá ló ń yan ìgbà tí ìjà yóò bẹ̀rẹ̀, èéfín ẹ̀tù rẹ̀ sì ń fẹ́ lọ sójú ọ̀tá. Ó ní ìṣòro tirẹ̀ náà: afẹ́fẹ́ máa ń mú ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kọjú sí ọ̀tá, bó bá sì le, omi lè gba ihò àgbá ìsàlẹ̀ wọlé, wọn yóò ní láti tì í. Bí òpó rẹ̀ bá sì dá, àárín ọ̀tá gan-an ni afẹ́fẹ́ yóò gbé e lọ. Ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́, níhà ibi tó ń fẹ́ lọ, lè yípadà kó sì sá lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn Faransé fi máa ń fẹ́ ibẹ̀. Wọn yóò yìnbọn sí òpó àti ìgbòkun ọ̀tá kí wọ́n má bàa lè lé wọn.

Lọ́jọ́ Trafalgar, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ ń ti ìwọ̀ oòrùn òun àríwá bọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà lókè rẹ̀. Ìgbì ńlá kan ń bì láti ìwọ̀ oòrùn, àmì ìjì tí kò tíì dé. Ojúmọ́ ni wọ́n ti rí ara wọn, wákàtí mẹ́fà sì kọjá kí wọ́n tó pàdé, nítorí ìrìn wọn kò yá ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Àwọn atukọ̀ ráyè jẹun. Ní agogo 8 àárọ̀, Villeneuve pàṣẹ kí gbogbo ọkọ̀ yípadà kọjú sí Cádiz kí ọ̀nà àbọ̀ má bàa dí mọ́ wọn. Pẹ̀lú ìgbì yẹn àti atukọ̀ tí kò mọ iṣẹ́ dáadáa, nǹkan bíi wákàtí méjì ni yíyípadà náà gbà. Ìlà náà tẹ̀ bí ọrun: ibì kan dí pọ̀, ibì kan ṣí sílẹ̀.

Kí ni Nelson ṣe tó yàtọ̀, ewu wo ló sì wà níbẹ̀?

Ó ti kọ ètò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gákọ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá. Dípò kí ọkọ̀ rẹ̀ tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀tá, wọn yóò pín sí ọ̀wọ́, wọn yóò sì já ìlà ọ̀tá ní ààrin. Lọ́jọ́ náà, ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n lò: Collingwood dojú kọ ẹ̀yìn ìlà, Nelson dojú kọ àárín. Èrò rẹ̀ ni pé àwọn ọkọ̀ tó wà níwájú ìlà ọ̀tá yóò ti kọjá lọ, yóò sì ṣòro fún wọn láti yí padà nínú afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Dumanoir, tó ń darí apá iwájú náà, pẹ́ kó tó padà. Nígbà tó fi dé, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Ewu rẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ ṣe ń bọ̀ tààrà, iwájú rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ló kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tá, kò sì lè fèsì. Fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń yìnbọn lu Victory tí kò dáhùn. Èèyàn 20 kú, 30 fara gbọgbẹ́, ọta fọ́ àgbá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́ ọkọ̀, àwọn atukọ̀ sì ní láti sọ̀kalẹ̀ lọ fi okùn fa ìtọ́kọ̀ láti ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó mọ ìbọn í yìn ni wọ́n fi ètò yìí dojú kọ, tí omi sì parọ́rọ́, à bá máa ka Trafalgar sí ìparun Gẹ̀ẹ́sì. Nelson mọ̀ pé àwọn tó ń yin àgbá níwájú òun kò tíì kọ́ ọ tó, ìgbì náà sì ń ba ìfojúsùn wọn jẹ́.

Ibi tó dára jù nínú ètò náà, lójú tiwa, kò ju gbólóhùn kan lọ: bí èéfín kò bá jẹ́ ká rí àsíá, ọ̀gákọ̀ tó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ọ̀tá kò lè ṣì í jù. Ọ̀gákọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò láti dúró de àṣẹ.

Kí ló dé tí ọkọ̀ Collingwood fi ṣáájú gbogbo wọn dé ibẹ̀?

Bàbà ni. Wọ́n máa ń fi abala bàbà bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí kòkòrò òkun má bàa jẹ pákó, kí ewé omi má sì hù sí i. Bí bàbà náà bá gbó, ọkọ̀ á máa fàsẹ́yìn. Ti Royal Sovereign, ọkọ̀ Collingwood, ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ni, ìyẹn ló jẹ́ kó já ìlà ọ̀tá nígbà tí àwọn tó kù ṣì wà lẹ́yìn, tó sì dá nìkan jà fún ìgbà díẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi àsíá sọ̀rọ̀?

Ìwé kan tí Home Popham ṣe ni wọ́n ń lò. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, àsíá kọ̀ọ̀kan dúró fún òǹkà kan. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú ìwé, lẹ́tà lẹ́tà ni wọn yóò fi kọ ọ́. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, Nelson fẹ́ sọ fún gbogbo ọkọ̀ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọkàn tán ẹnì kọ̀ọ̀kan pé yóò ṣe ojúṣe rẹ̀. Pasco, ọ̀gá àsíá, bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń retí rẹ̀, nítorí nọ́ńbà 269 wà fún «retí» nígbà tí «fọkàn tán» kò sí nínú ìwé. Nelson gbà. Ìgbà 12 ni wọ́n fa àsíá sókè fún gbólóhùn náà: ẹ̀ẹ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó ní lẹ́tà mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà 16 ló gbé sókè, èyí tó ní kí wọ́n túbọ̀ sún mọ́ ọ̀tá jà, wọn kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́ títí ọta fi gbé e lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yin àgbá kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó wà ní àjà ìsàlẹ̀, tí ọta rẹ̀ wúwo tó pọ́ùn 32. Àgbá náà fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta, orí kẹ̀kẹ́ onígi tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ló wà. Okùn ńlá kan so ìdí rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ kó má bàa sá jìnnà jù nígbà tó bá ta sẹ́yìn, okùn kéékèèké sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ń fà á. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá ń jà, ọkùnrin 14 lè wà nídìí rẹ̀.

Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dún tán, ohun àkọ́kọ́ ni láti nù ún: igi gígùn tí wọ́n fi awọ àgùntàn tútù wé lórí ni wọ́n ń tì bọ inú rẹ̀, kí iná tó kù síbẹ̀ lè kú. Lẹ́yìn náà ni àpò ẹ̀tù, tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀. Ẹ̀tù náà máa ń tó ìdá mẹ́ta ìwọ̀n ọta, nítorí náà, nǹkan bíi pọ́ùn 10 àti ààbọ̀ fún àgbá yìí. Wọn yóò fi ọ̀pá kì í dé ìdí. Ọta rogodo tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà okùn àlòkù tí wọ́n ká kí ọta má bàa yí jáde bí ọkọ̀ bá ń fì, wọn yóò sì tún kì í. Gbogbo wọn á wá di okùn mú, wọn á fa àgbá náà títí ẹnu rẹ̀ yóò fi yọ síta ihò. Olórí wọn yóò ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò tó wà lókè ìdí àgbá láti lu àpò ẹ̀tù náà, yóò da ẹ̀tù kíkúnná sí i, yóò sún igi onígun tó wà lábẹ́ ìdí àgbá kó lè ga tàbí kó rẹlẹ̀, yóò kúrò lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì fa okùn ìṣáná nígbà tí ìgbì bá gbé ọkọ̀ dé ibi tó fẹ́.

Àwọn ọmọdé àti àgbà ló ń gbé ẹ̀tù wá láti yàrá ẹ̀tù ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, àpò kan lẹ́ẹ̀kan, nínú àpótí onídèérí. Nínú yàrá yẹn, bàtà tí kò ní irin ni wọ́n ń wọ̀, fìtílà sì wà nínú yàrá mìíràn lẹ́yìn gíláàsì, kí iná má bàa dé inú rẹ̀.

Kí ló máa ń ṣe àṣìṣe níbẹ̀?

Bí wọ́n bá kánjú tí wọn kò nù ún dáadáa, ẹ̀ṣẹ́ iná kan tó kù nínú àgbá yóò ran àpò ẹ̀tù tuntun bí wọ́n ṣe ń kì í, ọwọ́ ẹni tó di ọ̀pá mú ni yóò kọ́kọ́ lọ. Bí okùn ìdí bá já, tọ́ọ̀nù mẹ́ta irin á máa yí káàkiri lórí àjà. Bí àgbá bá gbóná jù, ó máa ń ta ju bó ṣe yẹ lọ, torí náà, wọ́n máa ń dín ẹ̀tù kù bí ìjà bá ṣe ń pẹ́. Bí wọ́n bá ki ọta méjì bọ inú rẹ̀, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn fún ìyìn àkọ́kọ́, ọta náà kò ní lọ jìnnà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tó sún mọ́ gan-an nìkan ni wọ́n ti ń lò ó.

Irin mélòó ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ẹ̀gbẹ́ Victory?

Ẹ lè ṣírò rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan: àgbá 15 ti pọ́ùn 32 jẹ́ 480, 14 ti pọ́ùn 24 jẹ́ 336, 15 ti pọ́ùn 12 jẹ́ 180, 6 ti pọ́ùn 12 tó wà lókè ní ìhà ẹ̀yìn jẹ́ 72, níwájú, ọ̀kan ti pọ́ùn 12 àti ọ̀kan kúkúrú ti pọ́ùn 68 jẹ́ 80. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 1,148, ó lé díẹ̀ ní ìdajì tọ́ọ̀nù, ìyẹn bó bá jẹ́ ọta kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kì. Nígbà tí Victory kọjá lẹ́yìn Bucentaure, ọkọ̀ Villeneuve, àgbá kúkúrú ti pọ́ùn 68 ló kọ́kọ́ dún wọ fèrèsé ìdíkọ̀ rẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Kí ló wá fún Gẹ̀ẹ́sì ní ìṣẹ́gun?

Yíyára ìyìnbọn ni, yíyára náà kò sì ti ibì kan ṣoṣo wá.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Gẹ̀ẹ́sì fi dúró níta èbúté Faransé àti Sípéènì, tí wọ́n sé wọn mọ́lé. Ẹni tó wà níta ń kojú ìjì, ó ń ta ìgbòkun, ó ń ká a, ó sì ń fi àgbá dánra wò. Ẹni tó wà nínú èbúté kò rí òkun lò. Èèyàn lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki àgbá nínú èbúté, àmọ́ ibi tí ilẹ̀ ti ń lọ sókè sódò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ti lè kọ́ ìgbà tó yẹ kó fa okùn. Kí Collingwood tó bọ́ sínú Royal Sovereign, ó ti kọ́ àwọn ọmọ inú ọkọ̀ Dreadnought débi pé wọ́n ń yin gbogbo àgbá ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀.

Sípéènì kò ní atukọ̀ tó. Ibà pọ́njú ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní àwọn ìlú etíkun gúúsù wọn láti ọdún 1800, wọ́n sì ní láti fi ṣọ́jà àti ará oko kún inú ọkọ̀. Faransé ti lé ọ̀pọ̀ ọ̀gá ọkọ̀ onírìírí lọ nígbà ìyípadà ìjọba wọn. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1795 ni wọ́n ti ń pín omi ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù fún àwọn atukọ̀, àìsàn tó ń mú èrìgì wú tó sì ń yẹ eyín kò tún pa wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má fojú kéré èyí. Ọkọ̀ tí ìdajì atukọ̀ rẹ̀ dùbúlẹ̀ kò lè sé èbúté kankan.

Ìṣáná náà tún wà níbẹ̀. Irú ẹ̀rọ olókùúta tó wà lára ṣakabùlà ni Gẹ̀ẹ́sì fi sórí àgbá wọn: bí wọ́n bá fa okùn, ó dún lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbá Faransé àti Sípéènì ṣì ń lo okùn tó ń jó díẹ̀díẹ̀, ìgbà díẹ̀ sì máa ń kọjá kí iná tó dé inú. Lórí ọkọ̀ tó ń fì, ìgbà díẹ̀ yẹn tó láti gbé ọta lọ sínú òfúrufú tàbí sínú omi.

Ṣé ọta àgbá ló ń ri ọkọ̀?

Kò wọ́pọ̀. Igi ló kan ọkọ̀, igi sì ń léfòó. Ihò tí ọta rogodo lu sára óákù kì í tóbi, àwọn káfíńtà inú ọkọ̀ sì ń sáré dí èyí tó bá sún mọ́ omi. Ohun tó ń mú ọkọ̀ túúbá ni pé òpó rẹ̀ wó tí kò lè rìn mọ́, àgbá rẹ̀ dojú dé, èèyàn rẹ̀ sì kú. Nígbà náà ni wọn yóò sọ àsíá kalẹ̀. Achille ti Faransé nìkan ló parun lójú ìjà ní Trafalgar, iná ló sì pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè òpó, òpó wó sórí àjà, iná ràn dé yàrá ẹ̀tù.

Báwo ni Nelson ṣe kú?

Lẹ́yìn tí Victory já ìlà, ó kọlu Redoutable, ọkọ̀ alágbá 74 ti Faransé, àwọn méjèèjì sì so mọ́ra. Jean Lucas ni ọ̀gákọ̀ rẹ̀, a sì gbà pé kò sí ọ̀gákọ̀ Faransé tó jà dáadáa tó o lọ́jọ́ náà. Ó mọ̀ pé òun kò lè fi àgbá bá Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba, nítorí náà ìbọn ọwọ́, àdó olóró àfọwọ́jù àti fífò wọ ọkọ̀ ọ̀tá ló fi kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn tó gun orí òpó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo ẹni tó wà lórí àjà òkè Victory tán. Ní nǹkan bí agogo 1 kọjá ìṣẹ́jú 15, ọ̀kan nínú wọn yìnbọn lu Nelson ní èjìká òsì. Ọta náà gba ẹ̀dọ̀fóró já, ó há sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Agogo 4 àbọ̀ ló kú.

Lucas ti ń ṣètò láti fò wọ Victory nígbà tí Temeraire, alágbá 98, dé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì. Nínú èèyàn 643 tó wà nínú Redoutable, 300 kú, 222 fara gbọgbẹ́. Àwọn ọkọ̀ náà sún mọ́ra débi pé àwọn tó ń yin àgbá Victory gbé garawa omi dání láti da sínú ihò tí ọta wọn bá lu, kí iná má bàa mú Redoutable kó sì ran àwọn náà.

Ibo ni wọ́n ń gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ lọ?

Àjà tó wà lábẹ́ omi, níbi tí ọta kì í dé. Fìtílà ni ìmọ́lẹ̀, tábìlì ni ibùsùn iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni dókítà ń kọ́kọ́ tọ́jú. Oògùn tí kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ìrora kò sí nígbà náà: ọtí díẹ̀, awọ tí èèyàn yóò fi eyín dì mú, okùn tí wọ́n fún mọ́ apá tàbí itan kí ẹ̀jẹ̀ dá, ọ̀bẹ, lẹ́yìn náà ayùn. Ẹ̀rún igi tí ọta bá fọ́ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ léṣe, nítorí ó máa ń gbé aṣọ tó dọ̀tí wọ inú ẹran ara, egbò náà á sì kẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì pàdánù nǹkan bí 450 èèyàn, àwọn tó fara gbọgbẹ́ lé ní 1,200. Àwọn tó kú ní ẹ̀gbẹ́ kejì lé ní 3,000, láìka àwọn tí ìjì pa lẹ́yìn náà.

Ṣé òótọ́ ni pé inú ọtí ni wọ́n gbé òkú Nelson sí?

Òótọ́ ni. Bíráńdì ni, nínú àgbá onígi ńlá, kí ó má bàa jẹrà lójú ọ̀nà. Wọ́n sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's ní London ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1806.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kó?

Ìjì tí ìgbì ti ń kìlọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ dé, ó sì jà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nelson ti ní kí wọ́n ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ kó tó kú, Collingwood kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ṣì ń dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ni ọta ti já okùn ìdákọ̀ró wọn, etíkun olókùúta sì wà nítòsí. Redoutable rì lọ́jọ́ kejì. Bucentaure fọ́ sí etíkun. Santísima Trinidad, Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló jẹ́ kó rì. Ní ọjọ́ 23, ọ̀gákọ̀ Faransé kan, Cosmao, jáde láti Cádiz pẹ̀lú ọkọ̀ díẹ̀ tó kù, ó sì gba méjì padà. Nínú 17, mẹ́rin péré ló dé Gibraltar.

Ọkọ̀ kékeré kan, Pickle, ló gbé ìròyìn náà lọ sílé. Ó gúnlẹ̀ ní Falmouth ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá. Ọ̀gákọ̀ rẹ̀, Lapenotiere, wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó pààrọ̀ ẹṣin nígbà 21, ó sì dé London ní òru tó mọ́ ọjọ́ 6.

Ṣé obìnrin àti aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀?

Àwọn méjèèjì wà. Nígbà tí Achille ń jó, obìnrin ará Faransé kan tó ń jẹ́ Jeannette bọ́ sómi, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fà á yọ. Ìwé orúkọ àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fi hàn pé àwọn tí wọ́n bí ní Áfíríkà àti Kàríbíà wà lára wọn. Ẹni tó bá dé Trafalgar Square ní London kó wo ère bàbà tó wà nídìí òpó Nelson, níbi tí wọ́n ti ya ikú rẹ̀: atukọ̀ aláwọ̀ dúdú kan wà níbẹ̀ tó di ìbọn mú.

Kí ló kan ilẹ̀ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Irú ọkọ̀ onígbòkun kan náà ló ń gbé àwọn èèyàn wa lọ sí Brazil àti Kúbà nígbà yẹn. Ní 1807, Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú fún àwọn èèyàn tirẹ̀. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e ló ti ń rán ọkọ̀ ogun wá sí etíkun wa láti mú àwọn ọkọ̀ akẹ́rú. Ọ̀kan nínú wọn, Myrmidon, ló dá ọkọ̀ Potogí kan dúró nítòsí Èkó nínú oṣù kẹrin ọdún 1822. Ọmọ Òṣogùn kan wà lára àwọn tí wọ́n já sílẹ̀ níbẹ̀, Àjàyí, tó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Kí orílẹ̀-èdè kan tó lè rán ọkọ̀ ogun káàkiri bẹ́ẹ̀, òkun ti gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Agbára yẹn kan náà ló tún gbé wọn wá bá Kòsọ́kọ́ jà ní Èkó ní 1851, nínú Ogun Àgídìngbì. Àwọn ọkọ̀ tó ń lo oru omi ti wà lára wọn nígbà náà, ayé ọkọ̀ onígbòkun ti ń lọ sópin.

Níbo lèèyàn ti lè rí nǹkan wọ̀nyí lónìí?

Victory wà ní Portsmouth, lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti 1922. Èèyàn lè wọ inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ àtúnṣe ńlá ń lọ lára rẹ̀ láti 2022. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí àjà ìsàlẹ̀ níbi tí àgbá pọ́ùn 32 wà, nítorí ibẹ̀ ni ẹ óò ti rí bí àyè ṣe há tó fún ọkùnrin 14 nídìí àgbá kan. Ẹ̀wù tí Nelson wọ̀ lọ́jọ́ náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ojú omi ní Greenwich. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn kan náà ni ọkọ̀ Victory inú ìgò ńlá wà, iṣẹ́ ọwọ́ Yinka Shonibare, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London tó dàgbà ní Èkó. Trafalgar Square ló ti kọ́kọ́ wà láti 2010 sí 2012. Gbogbo ìgbòkun 37 tó wà lórí rẹ̀, aṣọ àǹkárá ni.